Ethanol mi ti mọ́ tónítóní, kí ló dé tí ìfúnpá oru rẹ̀ ṣì ga ju ti ìwé lọ?

Ọmọ Láàbù kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó fi ìbínú fọ́ ìgò tí kì í ṣe tèmi.

Wọ́n ní kí n wọn ìfúnpá oru ethanol, ìyẹn ọtí tí mò ń sọ yìí, láti 25 °C dé 60 °C, kí n sì fi ohun tí mo bá rí ṣírò agbára tí móòlù kan rẹ̀ ń gbà kó tó di oru. Bí mo bá ṣe é tán, propanol àti butanol ló kàn. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń kìlọ̀ fún mi pé ọtí tí kò mọ́ ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́, ni mo bá fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́jú ọtí. Mo yan hóró asẹ́ mòlékù 3A, hóró tó ń fa omi mu, mọ́jú nínú ààrò ní 300 °C, mo da ọtí lé e lórí, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn náà mo tún un pọn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tó kọ́kọ́ jáde, mo dà á nù; ìdá kan nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, mi ò jẹ́ kó jáde rárá. Àárín nìkan ni mo mú. Karl Fischer, ìdánwò tó ń wọn omi inú nǹkan, sọ pé omi tó kù nínú rẹ̀ kò tó 0.01%. Mililita kan rẹ̀ wúwo tó 0.789 giramu ní 20 °C, ìwọ̀n bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ 1.361. Níbi tó dé yìí, èmi àti ìwé kò jà.

Isoteniscope ni mo lò: ìgò kékeré kan, ọ̀pá tó tẹ̀ bíi U lọ́rùn rẹ̀, ọtí kan náà nínú méjèèjì, gbogbo rẹ̀ rì sínú ọpọ́n omi. Mo fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ títí ọtí fi hó, mo jẹ́ kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, mo wá ń dá afẹ́fẹ́ padà sí ìta ọ̀pá títí ọtí fi dọ́gba ní apá méjèèjì. Mo ka géèjì. Mo gbé ìgbóná sókè, mo tún un dọ́gba, mo tún kà á. Ohun tí mo rí nìyí, pẹ̀lú ohun tí ìdọ́gba Antoine, èyí tí ìwé fi ń ṣírò ìfúnpá oru láti inú ìgbóná, sọ:

25 °C: tèmi 9.8 kPa, ti ìwé 7.8
30 °C: tèmi 12.4, ti ìwé 10.4
40 °C: tèmi 19.9, ti ìwé 17.8
50 °C: tèmi 31.5, ti ìwé 29.4
60 °C: tèmi 49.0, ti ìwé 46.8

Nígbà tí mo ya ln P sí 1/T (lógáríìmù ìfúnpá sí ọ̀kan tí a fi ìgbóná ní kelvin pín), ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé, inú mi tiẹ̀ ti ń dùn. Àmọ́ ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi ní 38 kJ/mol, nígbà tí nọ́ńbà ìwé tí mo yà bákan náà fún mi ní 42. Ọ̀gá mi wo ìwé mi fìrí, ó ní "methanol ṣì wà nínú rẹ̀, lọ tún un pọn," ìyẹn ọtí mìíràn tó ń yá láti di oru ju ethanol lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn ni?

Àṣàkẹ́ kọ:

Kó o tó pọn ohunkóhun, wo géèjì rẹ. Ṣé èyí tó ń ka ìfúnpá láti òfìfo ni, àbí èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ìta ṣe òdo? Bó bá jẹ́ irú kejì, tó o sì ń yọ ọ́ kúrò nínú 101.3 kPa torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé sọ pé afẹ́fẹ́ ìta jẹ́, o ti jẹ gbèsè. Afẹ́fẹ́ ìta kì í dúró sójú kan. Ojú ọjọ́ lásán lè gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní 1 kPa tàbí 2. Ẹni tó bá sì wà lórí òkè, tirẹ̀ kò lè dé 101.3 rárá.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ́kọ́ fi omi dán ohun èlò wò. Omi tó mọ́ ní 25 °C gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.17 kPa, ní 60 °C kó jẹ́ 19.9. Bí omi bá fi 2 kPa lé níbẹ̀ náà, ọtí rẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bàbá Ìgò kọ:

Ọmọ Láàbù, pẹ̀lẹ́. Mo ka nọ́ńbà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọtí rẹ kò ṣẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú methanol sílẹ̀ ná, torí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìfúnpá oru methanol fúnra rẹ̀ ní 25 °C jẹ́ nǹkan bí 17 kPa. Kó tó lè gbé 7.8 dé 9.8, nínú mòlékù márùn-ún tó wà nínú ìgò rẹ, ó fi díẹ̀ lé ní ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ jẹ́ methanol. Òótọ́ ni pé ìwúwo kò ní tú àṣírí rẹ̀, torí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n bí methanol ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kò ju 1.329 lọ, bó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, 1.361 tìrẹ ì bá ti já wálẹ̀ kó o tó délé.

Wàyí o, yọ ti ìwé kúrò nínú tìrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: 2.0, 2.0, 2.1, 2.1, 2.2. Ṣó o rí i? Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìfúnpá oru ọtí ti di ìlọ́po mẹ́fà, àléébù rẹ kò tiẹ̀ mira. Bó bá ṣe pé ọtí mìíràn ló wọ inú rẹ̀, oun náà ì bá máa ga bí ìgbóná ṣe ń ga. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ìgò ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 298 kelvin dé 333, ìdá méjìlá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fi lé. Ṣe 2.0 ní ìlọ́po 1.12, wo ohun tó máa fún ọ. Àmọ́ mi ò ní fi 0.2 kPa nìkan dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Géèjì tó ṣi òdo rẹ̀ mú náà lè sún mọ́ irú nọ́ńbà yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ kì í fi í ṣe èyí tí à ń jù nù. Fi omi dán an wò bó ṣe wí.

Ẹlẹ́rìí kejì wà nínú ìlà tó o ní ó gún régé yẹn. Kò gún. Mú 25 àti 30 °C nìkan, fi wọ́n ṣírò: nǹkan bí 35 kJ/mol lo máa rí. Mú 50 àti 60 nìkan: 39.5. Tìrẹ ń ga bí ìgbóná ṣe ń ga! Ethanol kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí olómi bá ṣe ń gbóná sí i ni agbára tó ń gbà láti di oru ń dín kù, ó ń dín kù títí yóò fi di òdo níbi tí olómi àti oru kò ti yàtọ̀ síra mọ́. Ti ethanol, ó lé díẹ̀ ní 240 °C. Nítorí náà ìlà tó bá ń sọ fún ọ pé ó ń pọ̀ sí i, irọ́ ló ń pa. Afẹ́fẹ́ ló sì ń pa irọ́ náà jù ní ìsàlẹ̀, torí 2 kPa lórí 7.8 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ó lé díẹ̀, nígbà tí 2.2 lórí 46.8 kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tó ti wọlé nìyí. O fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé omi, o fi ìṣẹ́jú kan lé afẹ́fẹ́. Kó o tó tan pọ́ǹpù, nǹkan bí 100 kPa afẹ́fẹ́ ló wà nínú ìgò kékeré yẹn. Bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá ṣẹ́kù, 2 kPa rẹ ti pé. Kò tán síbẹ̀, èyí tó yòrò sínú ọtí fúnra rẹ̀ ń bẹ, oun kì í sì í kánjú jáde. Ìhó àkọ́kọ́ tó ń gorí wá tí o rò pé ọtí ló ti ń hó, afẹ́fẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Máa wò ó dáadáa. Ìhó afẹ́fẹ́ kéré, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, a sì máa gùn ún wá díẹ̀díẹ̀. Ìhó oru máa ń tóbi bó ṣe ń bọ̀ lókè, ó sì máa ń ti ọtí inú ọ̀pá U gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ìgbà tó o bá rí irú kejì yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a jẹ́ pé o bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí o bá ń dá afẹ́fẹ́ padà ni ewu wà jù. Bó o bá ṣí tápù kọjá bó ṣe yẹ, ọtí inú ọ̀pá U yóò sáré lọ sí apá ìgò, afẹ́fẹ́ yóò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Yóò dún "gblọ́" lẹ́ẹ̀kan péré, apá méjèèjì yóò tún dọ́gba bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bí àyè tó wà lókè ọtí nínú ìgò bá jẹ́ 20 mililita, mililita kan afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 10 kPa ti fi 0.5 kPa kún un fún ọ. Èmi fúnra mi ti gbọ́ ìró yẹn rí, ó ti rẹ̀ mí, ilẹ̀ ti ṣú, mo ní kò lè tó nǹkan. Butanol ni mò ń wọ̀n lọ́jọ́ náà. Oṣù kan gbáko ni mo fi wá ìdọ̀tí tí kò sí nínú butanol yẹn, mo pọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bó o bá gbọ́ "gblọ́", má ka nǹkan kan. Padà lọ hó o.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti tán: hó o, dọ́gba rẹ̀, kà á ní 25 °C. Tún un hó, tún un kà. Ìfúnpá oru kò bìkítà bóyá oru tó wà lókè pọ̀ tàbí ó kéré, bí olómi bá ṣì ti wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń bìkítà. Tí ìkà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn bá ti jọra, ó tán. Bó bá kọ̀ tí kò tán, gbé ọtí sínú naitirójìn olómi kó dì, fa afẹ́fẹ́ orí rẹ̀, ti tápù, jẹ́ kó yọ́, kó o tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ethanol kì í dì kó tó dé −114 °C, ó sì máa ń dì bíi dígí, nítorí náà jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgò á sán. Má sì fi ìgò tó ṣí sílẹ̀ sínú naitirójìn olómi, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń di olómi síbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe eré.

Ìyá Tẹ̀mómítà kọ:

Bàbá Ìgò, ẹ kú làákàyè. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí má lọ rò pé òun á máa fi ìfúnpá oru mọ̀ bóyá ọtí òun gbẹ. Ethanol ni kò ní jẹ́ kó mọ̀. Ethanol tó ní omi 4.4% nínú ìwúwo rẹ̀ ń hó ní 78.2 °C, èyí tó gbẹ táútáú ń hó ní 78.3. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Tó bá sì wá sí ìsàlẹ̀ 30 °C, azeotrope yẹn gan-an, ìyẹn àpapọ̀ ọtí àti omi tó ń hó pọ̀ bíi pé ohun kan ṣoṣo ni, ti pòórá. Nítorí náà bí nọ́ńbà rẹ bá ti bá ti ìwé mu lọ́la, kì í ṣe ẹ̀rí pé omi kò sí níbẹ̀. Karl Fischer ni ẹ̀rí rẹ, má sì fi í sílẹ̀.

Propanol ni omi yóò ti fojú rẹ rí màbo. 1-propanol ń hó ní 97.2 °C, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi ń hó ní nǹkan bí 88. 1-butanol ń hó ní 117.7, tòun pẹ̀lú omi jẹ́ nǹkan bí 93. Ìyẹn ni pé omi díẹ̀ nínú wọn máa gbé ìfúnpá sókè gan-an, kì í ṣe pé ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rò. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé bó o bá ń hó o láti lé afẹ́fẹ́, omi náà á máa bá oru lọ, ìkà rẹ á máa wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìwọ á ní afẹ́fẹ́ kò tíì tán. Bí èmi ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀: afẹ́fẹ́ máa ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ó dúró. Omi máa ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ 42 tó ò ń wá. Má jẹ́ kó dùn ọ́ bí kò bá bá ti kalorímítà, ohun èlò tó ń wọn ooru tààrà, mu gẹ́lẹ́. Ní 78.3 °C, ìdagẹ̀rẹ́ ìlà ethanol máa fún ọ ní nǹkan bí 40.8 kJ/mol, kalorímítà sì sọ 38.6. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ìṣirò tí gbogbo wa kọ́ gbà pé mòlékù oru kì í mọ ara wọn rí, bẹ́ẹ̀ oru ọtí ṣì ń di ara wọn lọ́wọ́ mú díẹ̀ pẹ̀lú ìdè haidirójìn. Àyè tí wọ́n ń gbà kéré sí èyí tí ìṣirò rò, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dín ní ìfúnpá afẹ́fẹ́. Ní 25 °C, níbi tí oru kò ti pọ̀, ìyàtọ̀ náà ti rẹlẹ̀: 42.9 sí 42.3. Kọ èyí tó o wọ̀n, kó o sì sọ irú èyí tó jẹ́.

Èmi kì í lo isoteniscope mọ́. Ìkòkò méjì ni mò ń lò, omi ń hó nínú ọ̀kan, ọtí ń hó nínú èkejì, gáàsì kan náà ló ń tẹ àwọn méjèèjì. Mi ò nílò géèjì: ìgbóná tí omi fi ń hó ló ń sọ ìfúnpá fún mi, tẹ̀mómítà méjì ni gbogbo iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá yòrò sínú ọtí á hó jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni National Physical Laboratory ní Teddington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọtí tí nọ́ńbà wọn jáde ní 1970. Àmọ́ kò dára fún ìfúnpá tó rẹlẹ̀ gan-an, ọtí á kàn máa fò sókè lójijì dípò kó hó.

Ọmọ Láàbù kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti dé.

Mo kọ́kọ́ ṣe ti Àṣàkẹ́. Omi ní 25 °C, mo hó o fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: 3.2. Ní 60: 19.9. Géèjì lọ ní àlàáfíà.

Mo wá dá ethanol kan náà padà sínú rẹ̀, mi ò tún un pọn. Ìkà àkọ́kọ́ ní 25 °C lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀: 9.6. Mo hó o fún ìṣẹ́jú márùn-ún: 8.3. Mo tún un hó: 7.9. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọwọ́ mi yá jù lórí tápù, mo gbọ́ "gblọ́" tí Bàbá Ìgò sọ, mo rẹ́rìn-ín láìmọ̀gbà. Torí kí n lè mọ̀ ni mo ṣe kà á: 8.5. Mo hó o, 7.9. Mo hó o, 7.9. Mo wá gbé ìgbóná sókè: 10.4, 17.9, 29.4, 46.8. Ìdagẹ̀rẹ́ fún mi ní 42. Mo fi ìlà méjèèjì sórí gíráàfù kan náà, mo gbé e fún ọ̀gá mi. Kò sọ nǹkan kan nípa methanol mọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ 1-butanol lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé láti 25 °C náà ni?

Bàbá Ìgò kọ:

Rárá o. Butanol ní 25 °C kò tó 1 kPa. Géèjì tó ń ka 0.1 kò lè sọ nǹkan gidi fún ọ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì ṣẹ́kù díẹ̀ á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 60 °C, gbé e lọ sí 110. Omi kò ní dára nínú ọpọ́n mọ́ níbẹ̀, wá òróró silicone.

Bó o bá ti wà lókè báyìí, tẹ̀mómítà ló kù tó lè gbé ọ ṣubú. Ethanol rẹ ní 60 °C, bí tẹ̀mómítà bá fi 0.1 °C ṣìnà, 0.2 kPa lo fi ṣìnà. Má kàn tì í bọ inú yìnyín nìkan kó o ní ó pé. Wò ó nínú omi tó ń hó náà, kó o sì ka ìfúnpá ọjọ́ náà kó o tó pe ibẹ̀ ní 100. Rí i pé ọrùn ìgò rì sínú òróró pẹ̀lú ọ̀pá U rẹ̀. Ibi tó bá tutù jù lára ohun èlò ni oru máa ń lọ di olómi sí, ìfúnpá ibẹ̀ lo sì máa kà láìmọ̀.

Ìyá Tẹ̀mómítà kọ:

Kó o sì ṣe Karl Fischer ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ti ìparí yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé.